Ó Léwu Ju Èwo Lọ?

Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. Inú ìgò ẹlẹ́rìndòdò ni bàbá rẹ̀ rọ oògùn kòkòrò sí, ó gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, òùngbẹ sì gbẹ ọmọ. Àgbẹ̀ ẹlẹ́wà ni bàbá náà, láti apá Òkè-Ògùn. Orí ọ̀kadà ló gbé ọmọ lé títí dé ojú títì kó tó rí ọkọ̀. Nígbà tí wọ́n fi dé wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́dún 2007, itọ́ ń dà lẹ́nu ọmọ náà bí omi, òógùn bò ó, ọmọlójú rẹ̀ ti sún kì bí orí abẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ ń hó bí ìkòkò orí iná. Ẹni tó bá ti rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kì í gbàgbé, nítorí òórùn oògùn náà á ti wọlé kí aláìsàn tó wọlé.

Atropine, oògùn tó ń gbógun ti irú májèlé bẹ́ẹ̀, la máa ń fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀. A ó fún un, a ó dúró fún ìṣẹ́jú márùn-ún, a ó gbọ́ àyà rẹ̀, bí omi bá ṣì ń hó níbẹ̀ a ó tún fún un. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ní nǹkan bí aago méjì òru, atropine tó wà ní wọ́ọ̀dù tán. Nọ́ọ̀sì kan ló sáré lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ, ó lọ yá tiwọn, mi ò sì bi í bó ṣe rí i gbà. Ọmọ náà yè.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo fi ìbínú kọjú sí bàbá rẹ̀. Mo ní, "Ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ fi pa ọmọ yín. Ṣé dandan ni kí ẹ máa fọ́n májèlé yìí ni?"

Ọkùnrin náà ò bínú. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi lórí sìmẹ́ńtì, èmi tí mo lè jẹ́ àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Dókítà, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá wa san án fún yín. Ṣùgbọ́n tí mi ò bá fọ́n ọn, kí la máa jẹ?"

Mi ò ní èsì. Mo kọ orúkọ májèlé náà sínú fáìlì, mo kọ iye atropine tí a lò, mo buwọ́ lù ú. Ìbéèrè bàbá náà ò sí nínú fáìlì, torí kò sí ibi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Ní 2011 mo fi wọ́ọ̀dù sílẹ̀. Mi ò ní parọ́ pé ọ̀rọ̀ ọkùnrin yẹn ló lé mi. Ìyanṣẹ́lódì ló ti sú mi, àti owó oṣù tí kì í dé lásìkò, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi sì ń re Ìlú Ọba lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ mi kan ló pè mí pé ọ́fíìsì ìjọba kan ní Abùjá ń wá dókítà tó lè ka èsì ìdánwò oògùn kó sì yé e. Mo ní màá lọ fún ọdún kan péré. Ẹ̀yin náà mọ bí ọdún kan péré ṣe máa ń rí.

Màmá mi ò tíì dárí jì mí tán dòní. Ó ní, "Mo ta ilẹ̀ bàbá ẹ kí o lè di dókítà, o wá lọ di akọ̀wé." Nígbà tí mo wà ní wọ́ọ̀dù, àwọn èèyàn a máa gbé iṣu lọ bá a nílé pé ọmọ rẹ̀ ló tọ́jú àwọn. Láti ìgbà tí mo ti dé Abùjá, iṣu ò dé mọ́. Ta ni yóò gbé iṣu wá nítorí oògùn burúkú tí kò dé ọjà?

Iṣẹ́ náà ò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹni tó bá fẹ́ gbé oògùn tuntun, abẹ́rẹ́ àjẹsára tuntun tàbí irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà wá sí ìlú, yóò kó ìwé wá, ìwé tó lè kún páálí mẹ́ta. Àwa á kà á, a ó sì dáhùn ọ̀kan nínú mẹ́ta: bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́, tàbí "ẹ lọ wá sí i." Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ló dùn jù lẹ́nu. Kò sẹ́ni tí iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ó ní kí wọ́n lọ wá sí i. Ọdún méjì àkọ́kọ́ mi, bóyá ni fáìlì kan kọjá lábẹ́ mi tí mi ò ní kí wọ́n lọ wá nǹkan kan sí i. Mo rò pé ìṣọ́ra nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ìgbìmọ̀ jókòó lórí fáìlì kan. Mi ò ní sọ fáìlì kí ni, nítorí a ti fọwọ́ sí ìwé pé a ò ní sọ. Ìdánwò ti parí, èsì rẹ̀ dára. Èmi dìde, mo ní kí wọ́n tún fi ìdánwò kan kún un, èyí tí yóò gbà tó oṣù mẹ́jọ. Alága wa, ọ̀jọ̀gbọ́n àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì, bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Dókítà, tí ìdánwò yín yìí bá jáde ní funfun, kí la máa ṣe?"

"A ó fọwọ́ sí i, sà."

"Tó bá jáde ní dúdú ńkọ́?"

Mo ronú. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n dán wò ò tó nǹkan, kò lè ba oògùn náà jẹ́. "A ó ṣì fọwọ́ sí i, sà. A ó kàn kọ ìkìlọ̀ sára páálí rẹ̀ ni."

"Ìkìlọ̀ yẹn, ṣé a ò lè kọ ọ́ lónìí?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín, èyí ló jẹ́ kó dùn mí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà, wọ́n ti bá mi wí lójú gbogbo wọ́ọ̀dù lórí ẹ̀ṣẹ̀ yìí gan-an: mo fa ẹ̀jẹ̀ lára aláìsàn fún àyẹ̀wò tí èsì rẹ̀ ò ní yí ìtọ́jú padà. Ọ̀gá mi bi mí nígbà náà pé ṣé ẹ̀fọn ni mí ni. Mo ti mọ ẹ̀kọ́ yìí tipẹ́, àmọ́ mo rò pé ti orí bẹ́ẹ̀dì nìkan ni, mi ò mọ̀ pé ó lè tẹ̀ lé mi dé orí tábìlì.

Gbogbo ẹni tó bá wọ iṣẹ́ yìí ni wọ́n ń sọ ìtàn Frances Kelsey fún. Dókítà obìnrin ni, ní àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà. Ní 1960, wọ́n gbé fáìlì oògùn thalidomide fún un, oògùn tí wọ́n ti ń lò nílẹ̀ Yúróòpù fún àìróorunsùn àti fún èébì aláboyún. Ó ní ẹ̀rí ò tó. Wọ́n rọ̀ ọ́, wọ́n halẹ̀ mọ́ ọn, ó kọ̀. Nígbà tó yá ni ayé mọ̀ pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni oògùn náà ti sọ di aláàbọ̀ ara nínú ìyá wọn. Ààrẹ Kennedy fi àmì ẹ̀yẹ dá a lọ́lá ní 1962, ó sì tọ́ sí i bẹ́ẹ̀. Kò sí èyí tó burú nínú ìtàn náà, àfi pé òun nìkan ni wọ́n ń sọ. Ní 1982, àjọ yẹn kan náà fọwọ́ sí insulin, oògùn ìtọ̀ ṣúgà, tí wọ́n fi bakitéríà tí a yí àbùdá rẹ̀ padà ṣe, oògùn àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láyé, oṣù márùn-ún ló gbà wọ́n. Ẹ bi àwọn ọmọ iṣẹ́ wa léèrè orúkọ àwọn tó ka fáìlì yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Ẹni tí oògùn bá pa, orúkọ rẹ̀ á jáde nínú ìwé ìròyìn. Ẹni tó kú nítorí pé oògùn ò tíì dé, àwọn ará ilé rẹ̀ á ní àmúwá Ọlọ́run ni.

Ìgbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà dé ni bàbá ọmọ ọjọ́sí padà wá sí mi lọ́kàn.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ní oṣù kẹrin ọdún 2015 ni ìjọba fọwọ́ sí òfin tó dá àjọ NBMA sílẹ̀, àjọ tó ń mójú tó ààbò lórí ohun alààyè tí a yí àbùdá rẹ̀ padà. Èmi ò sí lára àwọn tó yẹ fáìlì ẹ̀wà wò. Iṣẹ́ ìlànà ni mo ti ń ṣe nígbà náà, tí mo ń bá àwọn èèyàn ṣàlàyé ohun tí ìjọba ń ṣe àti ìdí tó fi ń ṣe é. Àmọ́ mo ka ohun tí wọ́n gbé jáde fún aráàlú, mo kà á bí ẹni ń ka lẹ́tà láti ilé.

Kòkòrò kan wà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Maruca. Ó rí bí ìdin. Á wọnú òdòdó ẹ̀wà, á lu èèpo rẹ̀ wọlé, á sì máa jẹ ọmọ inú rẹ̀. Oko tí wọn ò bá fọ́n, ó lè jẹ tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ohun tó yẹ kí wọ́n kórè. Ẹ̀wà oríṣiríṣi tó lé ní 15,000 ló wà nípamọ́ ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ wá inú ẹ̀wà títí, wọn ò rí èyí tó lè kojú Maruca dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àgbẹ̀ fi ń fọ́n oògùn nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ̀wà kan ṣoṣo tó gbó. Nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ, pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń jò lẹ́yìn, láìsí ìbọ̀wọ́, láìsí ìbòmú, tí èyí tó bá ṣẹ́kù á sì wọnú ìgò ẹlẹ́rìndòdò.

Bakitéríà inú ilẹ̀ kan wà tó ń pa irú kòkòrò bẹ́ẹ̀. Ishiwata, ará Japan, ló kọ́kọ́ rí i ní 1901 lára kòkòrò tí ń ṣe òwú sílíkì. Berliner, ará Jámánì, ló wá fi orúkọ ẹkùn Thuringia sọ ọ́. Ó pẹ́ tí àwọn àgbẹ̀ òkèèrè ti ń fọ́n bakitéríà náà sóko. Ohun tí ọ̀jọ̀gbọ́n T. J. Higgins àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ṣe ní Ọsirélíà ni pé wọ́n mú jíìnì kan (ìlànà àjogúnbá inú ohun alààyè) láti ara bakitéríà yìí, wọ́n fi sínú ẹ̀wà, kí ẹ̀wà fúnra rẹ̀ lè máa pèsè ohun tó ń pa Maruca. Ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria gbìn ín sí oko ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní 2019 ni NBMA fọwọ́ sí i, ní oṣù kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀, SAMPEA 20-T, ní 2021 ló sì dé ọwọ́ àgbẹ̀. Wọ́n ní fífọ́n á dínkù sí bí ẹ̀ẹ̀mejì, nítorí àwọn kòkòrò mìíràn wà tí jíìnì yìí ò kàn.

Láti mẹ́jọ sí méjì. Bí mo ṣe ka ibẹ̀ ni mo rántí ọmọlójú tó sún kì bí orí abẹ́rẹ́.

Mo wá rí i pé láti ọdún yìí wá, ìbéèrè kan náà ni mo ń bi gbogbo fáìlì: ṣé ó léwu? Ìbéèrè yẹn ò ní èsì. Omi léwu. Ọ̀bẹ ìdáná léwu. Ìbéèrè tó ní èsì ni pé ó léwu ju èwo lọ? Ju èyí tí à ń ṣe lọ́wọ́ báyìí, àbí ju ayé kan tí kò sí níbì kankan, tí kòkòrò kì í jẹ ẹ̀wà, tí ẹnikẹ́ni kì í fọ́n nǹkan kan? Bàbá ọmọ yẹn ti bi mí léyìí ní 2007. Èmi ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò yé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú. Ní 2015, ilẹ̀ Yúróòpù ní kí ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà má wọlé sọ́dọ̀ àwọn mọ́, nítorí dichlorvos, oògùn apakòkòrò, tí wọ́n bá nínú rẹ̀ ju ìwọ̀n lọ. Dichlorvos yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ òtápíàpíà. Irú ẹ̀wà tí wọ́n dá padà yẹn ni à ń wọ̀n ní kóńgò lọ́jà tiwa. Mo ti dáhùn ìbéèrè lórí rédíò lọ́pọ̀ ìgbà nípa jíìnì inú ẹ̀wà, ẹnì kan ṣoṣo ò tíì pè mí rí nípa oògùn inú àpò ẹ̀wà. Kí n sì fi òótọ́ kún un: jíìnì yẹn ò kan kòkòrò tó ń lu ẹ̀wà nínú àpò. Ìyẹn, ọ̀tọ̀ ni. Àpò onípele mẹ́ta tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀ ti tó o, á sé kòkòrò mọ́ inú ibẹ̀ títí yóò fi kú, láìsí oògùn, láìsí jíìnì, láìsí ìgbìmọ̀ kankan. Bí àwa onísáyẹ́ǹsì bá ti ní òòlù kan lọ́wọ́, a kì í fẹ́ sọ pé iṣẹ́ kan wà tí kò nílò òòlù.

Rédíò ni mo ti jẹ ìyà. Ètò Yorùbá kan ní Ìbàdàn, aago mẹ́wàá àárọ̀, mo ti wọ kóòtù bí ẹni tí wọ́n fẹ́ yà ní fọ́tò. Ẹni àkọ́kọ́ tó pè ní, "Dókítà, ohun tó ń pa kòkòrò, ṣé kò ní pa èèyàn?" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í fọ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ Yorùbá, mo pe purotéènì, mo pe nǹkan mìíràn tí mi ò lè túmọ̀. Olóòtú ètò ń wò mí bí ẹni ń wo ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já. Ẹni kejì pè, ó ní, "Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa túmọ̀ ohun tí dókítà sọ."

Ọsẹ̀ méjì ni mo fi wá ọ̀rọ̀ tí màá fi sọ ọ́. Màmá mi ló fún mi, kò tilẹ̀ mọ̀ pé òun fún mi ní nǹkan kan: ó ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe ń fi omi eérú ṣe ọṣẹ. Mo ní, ẹn-ẹ́n. Inú kòkòrò yẹn dà bí omi eérú, inú tiwa kan bí ọsàn wẹ́wẹ́. Inú omi eérú ni nǹkan náà ti ń jí ṣiṣẹ́. Nínú ikùn tiwa, oúnjẹ lásán ni, á dà nínú wa bí ẹ̀wà yòókù ṣe ń dà. Bó bá sì jí nínú omi eérú, ó ṣì gbọ́dọ̀ rí ihò tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá mu lára ìfun, irú ihò bẹ́ẹ̀ ò sì sí lára ìfun èèyàn. Nígbà tí mo padà lọ sórí rédíò, mo sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a sì lọ síwájú.

A lọ síwájú sínú kòtò mìíràn ni o. Mo ti tọ́jú ọ̀rọ̀ insulin pa mọ́ bí ẹran inú ọbẹ̀, pé bí mo bá sọ ọ́, gbogbo ẹnu á pa. Mo ní, "Ta ló ní ẹbí tó ń gún insulin nínú yín? Bakitéríà tàbí ìwúkàrà tí a yí àbùdá rẹ̀ padà ló ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ tó ń dènà àrùn mẹ́dọ̀wú irú B (hepatitis B) tí à ń fún ọmọ wa, ìwúkàrà ló ń ṣe ìyẹn náà. Ṣé ó ti pa yín?" Bàbá kan pè láti Ọ̀yọ́. Ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní, "Dókítà, ọdún méjìlá ni mo ti ń gún un. Ẹ̀yin lẹ fún mi. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí. Kí ló dé tó jẹ́ pé ọjọ́ tí ẹ fẹ́ ta nǹkan mìíràn lẹ rántí sọ ọ́?"

Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò rí ohun mìíràn ṣe.

Ó yẹ kí n ti mọ̀. Kánò ni mo ti ṣe àgùnbánirọ̀ ní 2003, lọ́dún tí wọ́n dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ dúró níbẹ̀. A ń lọ láti ojúlé dé ojúlé kí ìdádúró náà tó wáyé, mo mú àpótí yìnyín dání. Ọkùnrin kan tí ọmọ mẹ́rin dúró lẹ́yìn rẹ̀ sọ fún mi nípasẹ̀ ògbufọ̀ pé, "Bí ibà bá mú ọmọ mi, mo gbọ́dọ̀ sanwó kí ẹ tó wò ó. Èyí tí mi ò béèrè, ẹ gbé e wá dé ẹnu ọ̀nà mi lọ́fẹ̀ẹ́. Kí lẹ fẹ́ gbà?" Àwa ọmọ ìlú ńlá ń pè é ní àìmọ̀kan. Ṣùgbọ́n ní 1996, nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tó ń mú awọ ọpọlọ, ilé iṣẹ́ òkèèrè kan ti dán oògùn wò lára àwọn ọmọ nílùú yẹn, ẹjọ́ rẹ̀ sì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí èmi ń kan ilẹ̀kùn. Ìrántí ló wà níbẹ̀, kì í ṣe àìmọ̀kan. Ó tó bí ọdún kan kí wọ́n tó padà gba àjẹsára náà, èyí tí wọ́n rà láti Indonéṣíà. Oṣù kẹjọ 2020 ni wọ́n tó kéde pé ojúlówó kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti tán ní Áfíríkà. Mi ò mọ bí à bá ti yára tó ká ní a ti dáhùn ìbéèrè ọkùnrin yẹn bí ìbéèrè gidi.

Nítorí náà, bí wọ́n bá fi àwòrán eku oníkókó ńlá ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp báyìí, mi ò kì í bínú mọ́. Wọ́n ń fi ránṣẹ́ títí di òní. Ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Faransé lórí eku tí wọ́n fún ní àgbàdo tí a yí àbùdá rẹ̀ padà jẹ ni, ó jáde ní 2012, irú eku tí kókó sábà máa ń yọ lára rẹ̀ bó bá ti ń dàgbà ni wọ́n lò, wọn ò sì lò tó iye tó yẹ. Ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tó gbé e jáde fà á padà ní 2013. Mo máa ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, mo sì máa ń fi kún un pé ẹ ṣeun tí ẹ béèrè.

Ẹ̀bùn ọdún Kérésì ńkọ́? Ó ń dé. Apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀rá aláwọ̀ wúrà wé, láti ọ̀dọ̀ ẹni tí fáìlì rẹ̀ wà lórí tábìlì wa. Mo dá a padà, dẹ́rẹ́bà tó gbé e wá sì fẹ́ẹ̀ sunkún. Ohun tí mi ò retí ni pé àwọn tó ń gbógun ti àwọn onífáìlì náà ní apẹ̀rẹ̀ tiwọn: ìpàdé ní òkèèrè, òtẹ́ẹ̀lì, owó ìrìnnà. Mo dá ìyẹn náà padà, àwọn yẹn ló sì bínú jù, wọ́n ní ṣé mo rò pé àwọn náà ń rà mí ni.

Èyí tó kù ni ti Ìyá Alákàrà. Láti kékeré mi ló ti ń dín àkàrà níwájú ilé wa. Nígbà tó gbọ́ ohùn mi lórí rédíò, ó ránṣẹ́ pè mí. Mo bá a nídìí agbada, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ẹ̀wà lílọ̀, ó ń pò ó yípo yípo bó ṣe máa ń ṣe kí afẹ́fẹ́ lè wọ̀ ọ́.

"Ẹ̀wà tó ò ń sọ yẹn, ṣé ó ń ru?"

Mo ní, "Ẹ̀n?"

"Tí a bá pò ó. Ṣé ó ń ru sókè bí èyí, àbí ńṣe ló máa sùn sínú epo bí ẹlẹ́dẹ̀? Èèpo rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó yá bó? Ṣé ó ń mu epo?"

Mo ti ka ìwé lórí ẹ̀wà yẹn tó ga tó orókún mi. Mo mọ ìwọ̀n purotéènì rẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n sọ nípa bí jíìnì rẹ̀ ṣe lè dé ara ẹ̀wà igbó, nítorí ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni ẹ̀wà ti ṣẹ̀ wá, ìbátan rẹ̀ sì wà nínú ìgbẹ́. Mo lè sọ fún àgbẹ̀ pé yóò lè fi irúgbìn rẹ̀ pa mọ́ de ọdún tó ń bọ̀, yàtọ̀ sí TELA, àgbàdo tí a yí àbùdá rẹ̀ padà tí wọ́n gbé jáde ní 2024, tó jẹ́ àgbàdo àdàmọ̀ (hybrid) tí èèyàn máa ń rà lọ́dọọdún. Ṣé ó ń ru? Mi ò mọ̀.

Mo sì ti mọ ìtàn òwú Burkina Faso! Láti 2008 ni wọ́n ti ń gbin òwú tí a yí àbùdá rẹ̀ padà níbẹ̀. Kòkòrò ò rí i jẹ, fífọ́n dínkù, àgbẹ̀ rí èrè, ìwé ààbò rẹ̀ pé. Fọ́nrán òwú náà ló kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àwọn tó ń rà á lọ́jà àgbáyé ò fẹ́ ẹ, iye owó rẹ̀ já wálẹ̀, nígbà tó fi di 2016 wọ́n ti pa á tì. Ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ tuntun lẹ́yìn ti Kelsey, kí wọ́n lè mọ̀ pé ohun tí kò pa èèyàn lè ṣì kú lọ́jà. Èmi tí mò ń sọ ọ́ ò ronú kan àkàrà.

Mo jẹ́wọ́ fún un pé mi ò mọ̀. Ó wò mí, ó fi ṣíbí bu ẹ̀wà sínú epo, ó ń dún ṣìì, àkàrà mẹ́fà yọ jáde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n wú, wọ́n yí ara wọn padà.

Mo ní, "Màámi, màá wádìí ẹ̀. Màá bá yín wá ìwé tó bá—"

"Ìwé kẹ̀?" Ó ta epo ọwọ́ rẹ̀ nù. "Lọ wá kóńgò méjì wá fún mi. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, màá sọ fún ẹ."